Kì í ṣe mínírà ló wà nínú kúlà mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn wa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín nípa àwa tí à ń fi dróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń gbé kámẹ́rà, ya fídíò níbi ìnáwó. Ó ní òun rí ayàwòrán kan níbi ìgbéyàwó kan ní Bódìjà tó ń yọ dróònù rẹ̀ jáde láti inú kúlà pupa, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé mínírà lọ sóde, ó sì ní àbùkù gbáà ni fún àwọn olóde. Ó ní kí gbogbo wa lọ ra àpótí dúdú tó le, èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, àbí ká fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó lówó ẹ̀ lọ́wọ́.

Mi ò lè búra pé èmi ló rí. Kúlà pupa pọ̀ n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n èmi náà wà ní Bódìjà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kúlà tèmi náà sì pupa, ẹ jẹ́ kí n kúkú gbà pé èmi ni, kí n lè fèsì.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo kọ́, láti ayé fíìmù tí à ń fọ̀ nínú òkùnkùn. Òkè-Àdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lọ́dún 2018 ni mo ra dróònù mi ní tòkunbọ̀, Phantom 4 ni, èyí tí iléeṣẹ́ DJI ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé jáde lọ́dún 2016. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Àwọn dróònù òde òní ṣeé ká. Mini 2 tí àwọn ọmọdé ń gbé kiri kò ju gíráàmù 249 lọ, ó wọ inú báàgì ìyàwó ẹni. Phantom ò ṣeé ká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ààbọ̀, apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na síta gbọnrangandan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, kámẹ́rà sì rọ̀ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Alákàn funfun gan-an ni. Ẹ wá sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń gbé alákàn láàyè láti Òkè-Àdó dé Mòníyà láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́.

Kí n tó ní mọ́tò, Micra ni mò ń wọ̀. Ẹ mọ bí Micra ìlú wa ṣe rí: ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, "ẹ sún mọ́ra, ẹ fẹsẹ̀ sọ́tùn-ún", kí ọkọ̀ tó gbéra. Itan ni mo máa ń gbé dróònù lé, nínú páálí fóòmù tó bá a wá láti iléeṣẹ́, èyí tí wọ́n máa ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó tó ṣí. Ìyá kan ní Mókólá bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹyin ló wà níbẹ̀ yẹn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyá náà ṣojú àánú, ó fi ọwọ́ òsì bá mi di etí páálí náà mú títí a fi dé Sángo. Kò tíì sí àpótí òkè òkun kankan tó tọ́jú dróònù mi bí ìyá yẹn.

Ìgbà tí mo ra Corolla mi ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìyà ti tán, mo sọ páálí fóòmù náà sínú búùtù. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni, iṣẹ́ ìgbéyàwó ní Ìsẹ́yìn. Ẹbí ìyàwó bẹ̀ mí pé kí n bá wọn gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan àti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta. Mo gbà. Lẹ́yìn Mòníyà, mo bá gegele kan pàdé tí n kò tètè rí, mo gbọ́ gbì lẹ́yìn. Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni, kò burú. Jẹnẹrétọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ orí dróònù ló sún lọ. Kọ́kọ́rọ́ páálí fóòmù ti yí fúnra rẹ̀, ìdérí ti ṣí, kámẹ́rà sì ń mì dirodiro bí orí adìyẹ tí wọ́n ti fa ọrùn rẹ̀ já. Wáyà pẹlẹbẹ tó ń gbé àwòrán wọlé láti ara kámẹ́rà ti fà ya. Bàbá ìyàwó sì ti sọ fún gbogbo àlejò pé ọkọ̀ òfurufú kékeré á fò lórí wọn. Wọ́n ń wòkè títí alẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ilẹ̀ ni dróònù ti ń bàjẹ́. Láti 2018 títí di òní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tèmi já láti òkè, orí igi máńgòrò ló bọ́ sí, ewé sì gbà á. Inú mọ́tò ló ti fara pa lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹni tó tún un ṣe fún mi ní Dùgbẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí létí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má gbé e síbi tí ẹ ò ní lè gbé ọmọ jòjòló sí." Mo délé, mo wo gbogbo ohun tó wà nílé. Ohun tó fi ara jọ ibùsùn ọmọ jòjòló jù ni kúlà ńlá tí Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ti pa tì látìgbà tí ìdè ìdérí rẹ̀ ti já. Ike méjì ni ara kúlà, fóòmù sì wà láàárín wọn. Kí wọ́n lè fi dá òtútù dúró sínú ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń há òtútù mọ́lé náà ló ń ti ooru síta. Àpótí dúdú tí òǹkọ̀wé yín ń polówó, ẹ gbé e sínú oòrùn Ẹrẹ́nà ní gbàgede Màpó fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá fọwọ́ kàn án.

Fóòmù àkọ́kọ́ tí mo fi sínú rẹ̀, ara bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó ni mo ti gé e, àṣìṣe sì ni. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì máa ń rún. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú ti kún inú mótò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ dróònù, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ eyín ni mo fi gbọn ọ́n kúrò. Mo wá lọ bá àwọn tó ń tún àga ṣe ní Mókólá, mo ra fóòmù tó le, èyí tó jẹ́ pé bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kíá ló ń padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ìwé ìròyìn yín (ẹ má bínú) ni mo tẹ́ sílẹ̀, mo gbé dróònù dùbúlẹ̀ lé e, mo fi bírò tọ gbogbo ara rẹ̀ yíká, mo wá fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gé fóòmù gẹ́gẹ́ bí ìlà ṣe lọ. Inú ìlà ni kẹ́ ẹ gbọ́bẹ gbà o, kì í ṣe ìta, kí ihò náà lè fún díẹ̀, kó lè di ara dróònù mú. Ibi tí kámẹ́rà wà nìkan ni mo gé gbòòrò, ọwọ́ mi gba ibẹ̀ kọjá. Kámẹ́rà ò gbọdọ̀ ru ẹrù kankan. Àjákù àǹkárá ni Ìyá Ìbejì fi bo fóòmù náà kó má baà rún mọ́, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ni, aláwọ̀ osàn. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni àbùkù tí òǹkọ̀wé yín rí wà.

Ọrùn kámẹ́rà ní ike kékeré kan tó ń dì í mú kó má baà máa mì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Phantom tó sì ṣì ní ike yẹn lọ́wọ́, kó wá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi. Tèmi sọnù kí oṣù kan tó pé. Mo gé òmíràn lára ìgò ike omi, mo fi kànrìnkàn rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, rọ́bà tí àwọn ọmọbìnrin mi fi ń di irun ló ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ dróònù. Mo tún so ríbọ́ọ̀nù pupa gbọọrọ mọ́ ọn. Ríbọ́ọ̀nù yẹn ṣe pàtàkì ju ike lọ. Tí ẹ bá gbàgbé tí ẹ tan dróònù nígbà tí ọrùn ṣì wà ní dídè, mótò kéékèèké tó wà níbẹ̀ á máa bá ike jìjàkadì títí á fi gbóná. Ríbọ́ọ̀nù á ti máa fẹ́ lẹ́lẹ́ kí n tó gbé e jáde tán, ojú ò ní fò ó.

Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yíyọ ni mo máa ń yọ wọ́n. Wọn ò gùn tó rúlà ọmọ ilé ìwé, inú páìpù àwọn púlọ́ńbà tó ní ìdérí lọ́tùn-ún lósì ni wọ́n wà. Ó parí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí kúlà máa jókòó sí ló pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, tí àyè ò sì sí mọ́ àfi ìjókòó tó kángun sẹ́yìn, ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí táyà ẹ̀yìn bá já sí kòtò, ẹni tó jókòó sáàárín á kàn mirí, ẹni ẹ̀yìn á fò débi pé orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù. Búùtù nìyẹn. Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni ara ti ń tu ẹrù jù, ìyẹn ní ilẹ̀ lẹ́yìn àga ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Mo máa ń ti àga iwájú náà síwájú tán, mo sì máa ń tẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n bá mi rẹ́ ní ọjà pákó Bódìjà, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè tẹ́jú. Lórí pákó ni túùbù bárò wà, kúlà sì jókòó lé e.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé túùbù yìí dáadáa, torí òun ni mo fi ń yangàn. Fọkanáísà tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi ló fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ níbi márùn-ún. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀, kò kún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo fẹ́ ẹ kún dẹ́ńdẹ́, kúlà wá ń fò bíi bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọ̀nà Mọ́lẹ́tẹ̀. Mo dín in kù títí tí mo fi lè fi àtàǹpàkò àti ìka kan fún un pọ̀ díẹ̀ kó tó kọ̀. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò báyìí, túùbù á rì wọlẹ̀, á rọra gbé kúlà padà, bí ẹni ń re ọmọ sùn lẹ́yìn. Rọ́bà tí wọ́n là lára túùbù ọ̀kadà, èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn, ni mo fi so kúlà mọ́ ẹsẹ̀ àga. Okùn lásán ò dáa, kì í fà, ara kúlà ló máa gba gbogbo jìgìjìgì náà sí.

Mo gbé abọ́ omi kan lé orí ìdérí nígbà tí mo parí rẹ̀, mo wa mọ́tò láti Òkè-Àdó lọ sí Bẹẹrẹ, mo padà. Omi dà. Ṣùgbọ́n ó kù ju ìdajì lọ, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà náà á kí mi kú oríire.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé àwọn tó ra àpótí olówó gọbọi náà ń jìyà rẹ̀. DJ kan ní kí n bá òun gbé sípíkà kan lọ sí Ọ̀mí-Àdìó. Mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, òkè kúlà gan-an. Nígbà tí a débẹ̀, dróònù kọ̀, kò gbéra. Ojú fóònù ń kọ ọ́ pé kọ́ńpáàsì ti dàrú. Òòfà ńlá ló wà nídìí sípíkà, inú dróònù sì ní kọ́ńpáàsì tó ń sọ ibi tí àríwá wà fún un. Òòfà náà ti da gbogbo ọ̀nà rú mọ́ ọn lójú. Mo ní láti gbé e lọ jìnnà sí àwọn ọkọ̀, nítorí irin ara mọ́tò náà ń dà á láàmú, kí n gbé e yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìdùbúlẹ̀, kí n tún dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí n gbé e yí po lẹ́ẹ̀kejì. Alága ìdúró rí mi lábẹ́ igi, mò ń gbé nǹkan funfun yí ara mi ká, ó kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n, ètùtù wo lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Láti ọjọ́ náà, sípíkà kì í wọ ọkọ̀ mi mọ́. Mótò dróònù náà ní òòfà nínú, ẹ má fi kúlà yín sẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń jó irin. Gbogbo èérún irin ni yóò rá wọlé.

Bátìrì ò sí nínú kúlà ńlá. Ó ní kúlà kékeré tirẹ̀, ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi ni ó máa ń wà. Bátìrì irú èyí ò fẹ́ ooru tó ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú mọ́tò tí a pa gíláàsì rẹ̀ dé sínú oòrùn sì máa ń kọjá 50 dáadáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo ṣe ọgbọ́n àgbọ́njù: mo ju píọ́ wọ́tà dídì méjì sínú kúlà kékeré náà pẹ̀lú wọn. Bátìrì tutù lóòótọ́. Bí mo ṣe yọ wọ́n síta sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, gbogbo ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí làágùn, omi ń ṣàn lọ síbi tí iná ti ń wọlé. Mo nù wọ́n, mo sá wọn sábẹ́ ìbòòji fún wákàtí kan, àwọn tọkọtìyàwó ti jó tán. Aṣọ gbígbẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, ó ń bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ àgọ́. Èyí tó bá ti wú díẹ̀ báyìí kì í wọ mọ́tò mi rárá, kódà bó jẹ́ pé iṣẹ́ Ọba ni wọ́n pè mí sí. Nílé, inú ìkòkò amọ̀ ìyá mi àgbà ni mò ń kó wọn sí, kò sí nǹkan tó lè jóná nítòsí. Iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ni mo máa ń fi sílẹ̀ nínú wọn, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni mo tó máa ń kún wọn.

Ní ti pé àpótí dúdú ló buyì, mo yá ọ̀kan lò rí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo gba Ìdí-Ayùnrẹ́ lọ. Ibi mẹ́ta ni àwọn agbófinró ti dá mi dúró. Ta ni ò ní dá àpótí dúdú tó ní kọ́kọ́rọ́ irin mẹ́rin dúró? Mo ní ìwé lọ́wọ́ o. Láti 2016 ni àjọ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ti kéde pé èèyàn ò gbọdọ̀ fò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti lọ́ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, ẹ̀dà ìwé mi sì máa ń wà nínú ọ̀rá lábẹ́ fóòmù nígbà gbogbo. Síbẹ̀, wọ́n ní kí n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí títì. Lójú ọ̀nà kan náà, ohun tí wọ́n béèrè nígbà tí mo gbé kúlà kọjá ni pé ṣé omi tútù wà. Mo sọ fún wọn pé dróònù ni, mi ò purọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ìwé, mo lọ.

Kúlà ní wàhálà tirẹ̀ náà. Ní Apẹ̀tẹ̀, níbi òkú àgbà kan, mo gbé e kalẹ̀ kí n lọ kí àwọn ẹbí. Bàbá kan tí òùngbẹ ń gbẹ ṣí ìdérí, ó na ọwọ́ wọlé, ó sì fa ohun tí kò rò síta ní ẹsẹ̀. Ó ké, ó sọ ọ́ padà. Orí fóòmù náà ló bọ́ sí, ọpẹ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìdérí pé: KÌ Í ṢE MÍNÍRÀ. Tó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé yín rí ọ̀rọ̀ yẹn lára kúlà tó ń wí, á jẹ́ pé èmi ni lóòótọ́.

Mo gbà pé àpótí tó le dáa fún òjò, mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù lọ sí Àbújá náà nílò rẹ̀, kó sì rántí pé bátìrì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òun, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́. Àmọ́ iye tí wọ́n pè é fún mi lọ́dún tó kọjá, mo lè fi ra bátìrì méjì, bátìrì ló sì ń gbé dróònù sókè níwájú oníbàárà. Kúlà, fóòmù, pákó, páìpù, gbogbo rẹ̀ ò gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lọ́wọ́ mi, mo sì ti gbé e dé Ṣakí, mo gbé e bọ̀, ọrùn kámẹ́rà ò yẹ̀.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yẹn tí mi ò lè sẹ́. Ó ní kúlà náà dọ̀tí. Ó dọ̀tí. Eruku Ìsẹ́yìn wà lára rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ẹnì kan sì ta sí i ní Bódìjà. Ìyá Ìbejì ti fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ lánàá, ọ̀dà tí mo fi kọ̀wé sórí ìdérí sì bá omi ọṣẹ lọ ní ìdajì. "KÌ Í ṢE" ló lọ, "MÍNÍRÀ" ló kù. Mo gbọ́dọ̀ tún un kọ kí Sátidé tó dé.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, ayàwòrán,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.